Ẹsẹ̀ Oníka Mẹ́fà Lára Ògiri Málọmọ́

Ohùn Málọmọ́ kò dára. Kì í ṣe irú àìdára tí èèyàn ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ o. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá orin níwájú Òòṣàálá ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́yìn Masẹ, ewúrẹ́ tó wà lórí ìso já okùn, abúlé Pulu ni wọ́n ti rí i mú. Adìẹ tó ń sàba dìde lórí ẹyin rẹ̀, kò padà mọ́. Bàbá arúgbó kan tó ti ń kú lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú iyàrá dìde jókòó, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ibi kú sí. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ìyá òòṣà ilé náà nígbà yẹn, dúró títí orin fi parí, nítorí pé wọn kì í já orin mọ́ òòṣà létí. Lẹ́yìn náà ló fa ìyàwó tuntun wọ inú ilé, ó sì gbé igbá ẹfun lé e lọ́wọ́.

“Ìyàwó,” ló wí, “òòṣà ti gbọ́. Kí ó má tún gbọ́ mọ́. Láti òní lọ, ọwọ́ ni kí o máa fi bá a sọ̀rọ̀.”

Báyìí ni Málọmọ́ ṣe di ẹni tó ń kun ògiri òòṣà.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Kí ó tó fi omi kan ẹnu, kí àkùkọ tó pa ẹnu dé, yóò ti jókòó sórí ìtì igi níwájú ògiri ojúbọ, èyí tó kọjú sí ọ̀nà. Osùn á wà nínú ìkòkò kékeré kan, èédú lílọ̀ tó fi omi elú pò á wà nínú òmíràn, ẹfun á wà nínú igbá. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń fa ìlà, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń kun ibi tó bá fẹ̀. Ó máa ń kun aláǹgbá, òòyà, ìgbín, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bí ògiri bá kún, á fi erùpẹ̀ pupa rẹ́ ẹ, á tún bẹ̀rẹ̀.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ náà: a kì í fi igi ro ẹfun. Igi ni wọ́n fi ń ro ọkà, igi ni wọ́n fi ń lu olè. Ẹfun jẹ́ ara òòṣà. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń pò ó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Tútù ló sì máa ń tutù, bí ìsàlẹ̀ àmù. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa wí pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láàárọ̀, orí rẹ̀ kò ní gbóná títí di alẹ́.

Àwọn ará abúlé rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Málọmọ́ kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń sọ ní tirẹ̀. Lọ́dún tí àgbàdo gbẹ mọ́ igi lóko, ó kun àgbàdo kan tó yọmọ, tó tú irun, tó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù darandaran kan yà kúrò lọ́nà wá lá ògiri. Nígbà tí Òkè, ọkọ rẹ̀, já láti orí ọ̀pẹ níbi tó ti ń dá ẹmu ní Masẹ, tí wọ́n sì fi ẹní gbé e wálé, ó kun ọ̀pẹ kan tí kò ní imọ̀. Kò sunkún. Àwọn obìnrin ilé ní ọkàn rẹ̀ le. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tó bá wo ọ̀pẹ yẹn pẹ́, òun ni yóò sunkún.

Àbíkú ni òun fúnra rẹ̀. Ó ti lọ, ó ti bọ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ tó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ pé kó má lọ mọ́. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kò lọ mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé òun ni yóò dúró, gbogbo àwọn tó kù ni yóò máa lọ. Ìyá ọkọ lọ, ọkọ lọ, àwọn ọmọ tó bí náà tò tẹ̀lé wọn bí ẹni ń re ọjà. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Abọ́dúndé lorúkọ rẹ̀, ó sì ní ìka mẹ́fà ní ẹsẹ̀ òsì.

Ìka kẹfà yìí ni ìyá rẹ̀ gbára lé. Òòṣàálá ló ń mọ èèyàn nínú ikùn. Ẹni tó bá mọ lọ́nà àrà, tirẹ̀ ni, kì í gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Málọmọ́ a máa di ìka náà mú nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, a ní, “Èyí ni okùn tí òòṣà fi so ẹ mọ́lẹ̀.”

Okùn náà já nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ìjà ara wọn. Wọ́n jà jà jà, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn fẹ́ tán, ni wọ́n bá ránṣẹ́ wá yá tiwa. Kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣe ìjọba lé wa lórí, ní kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan fa ọ̀dọ́mọkùnrin kalẹ̀. Oyèlẹ́yẹ ni baálẹ̀ abúlé wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́, pàápàá ẹni tó bá ní arákùnrin tó ní àdá. Ó wo agbo ilé kan, ó wo òmíràn. Òtútù ń mú ọmọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti lọ sóko, oko tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dé títí ogun fi parí. Bí ojú Oyèlẹ́yẹ ṣe wá ṣí nìyẹn, tó rí i pé àwọn opó ló fẹ́ràn Kòmáńdà jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ yìí.

Àwọn gáàdì onífìlà pupa, ọlọ́pàá Kòmáńdà, so Abọ́dúndé mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ pé ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀ rí ìka kẹfà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ tó lérè báyìí á rìn jìnnà ju ti àwọn tó kù. Ó sì rìn jìnnà lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Málọmọ́ kò kun aláǹgbá, kò kun òòyà. Ẹsẹ̀ òsì kan ló kùn, oníka mẹ́fà, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó tún kùn ún lọ́túnla, ó tún kùn ún lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń sọ kò gùn: Òòṣà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rè é. Má ṣì í mọ̀ láàárín àwọn oníka márùn-ún. Dá a padà wálé. Ó sì dá a lójú bí ilẹ̀ tó jókòó lé pé ọjọ́ tí òun kò bá kun ẹsẹ̀ yìí, ọjọ́ náà ni òòṣà yóò wo ibòmíràn. Nítorí náà kò fò ó. Ó kùn ún nínú ọ̀gìnnìtìn òjò, ó kùn ún nínú ọyẹ́. Lọ́jọ́ tí igi ìdáná já bọ́ lù ú lẹ́sẹ̀, ó rá wá síbẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá, ìyàwó kejì tí Òkè kú fi sílẹ̀, a máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ahọ́n Ẹ̀bùnọlá lè bó iṣu láìlo ọ̀bẹ.

“Ìyáálé, ẹsẹ̀ yìí ti pọ̀ o. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ibo la máa sùn?”

“Ìwọ á lọ sùn lọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ẹ ti mọwọ́ ara yín.”

“Ewúrẹ́ wo? Gbogbo wọn ti sá láti ọjọ́ tí ẹ ti kọrin.”

Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn káàárọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abọ́dúndé wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn Ẹ̀bùnọlá ló máa ń wà ní gbogbo òwúrọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń kun ògiri, òun alára kò sì bímọ. Nígbà tó bá rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun, a máa fi ìka kan ẹsẹ̀ ara ògiri náà, a sì sáré nu ọwọ́ mọ́ ìró.

Ọ̀rọ̀ ń lọ báyìí ni Fákẹ́yẹ, ògbufọ̀ Kòmáńdà, fi dé pẹ̀lú gáàdì méjì àti àwọn tó ru àpò. Ọmọ ilẹ̀ wa ni Fákẹ́yẹ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òyìnbó ti fún un ní fìlà ló ti ń gbàgbé èdè wa díẹ̀díẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́” ló kọ́kọ́ gbàgbé. Irun imú rẹ̀ gùn dé etí. Bí ó bá yíjú, ẹni tó dúró tì í ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ọ̀gá Kòmáńdà ń bọ̀,” ó wí fún àwọn tó péjọ. “Ọ̀nà tuntun yìí ló máa gbà. Gbogbo ògiri tó kọjú sọ́nà gbọ́dọ̀ funfun. Ọ̀gá kò fẹ́ràn ìdọ̀tí.”

“Ògbufọ̀,” ni baálẹ̀ wí, “erùpẹ̀ ni ògiri wa. Erùpẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí.”

“Lójú tìrẹ.”

Àwọn tó ru àpò sọ ọ́ kalẹ̀. Nǹkan funfun kù jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹfun òyìnbó nìyí. Ẹ dà á sómi, ẹ fi igi rò ó, ẹ fi ìgbálẹ̀ kùn ún. Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án?” Ẹ̀bùnọlá ló bi í.

Òyìnbó kò sọ ìdí fún Fákẹ́yẹ, Fákẹ́yẹ kò sì ní jẹ́ kí obìnrin oko mọ̀ pé nǹkan kan wà tí wọn kò sọ fún òun. “Òyìnbó ló ní bẹ́ẹ̀,” ló wí. Ó ti ń wo ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń dá ẹmu.

Málọmọ́ bọ́ síwájú. “Ògbufọ̀, ògiri òòṣà ńkọ́?”

“Ó kọjú sọ́nà àbí kò kọjú?”

“Ó kọjú.”

“Á funfun.”

“Ẹsẹ̀ ọmọ mi wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú un lọ sógun.”

Fákẹ́yẹ wo ògiri náà, ó wo àwọn ẹsẹ̀ pupa tó tò lọ sí ẹnu ọ̀nà. “Ìyá,” ló wí, “ẹsẹ̀ yẹn, òyìnbó ló ni ín báyìí. Kí òyìnbó kun nǹkan rẹ̀ bó ṣe wù ú.” Ó yí irun imú rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Masẹ lọ bá ẹmu.

Nígbà tó lọ tán, àwọn èèyàn jókòó yí àpò ká, wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìdí tí òyìnbó fi ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹfun òun. Ṣé ó ti pe ògiri wọn ní ìdọ̀tí? Ó rò pé ọwọ́ wọn náà dọ̀tí ni, pé wọn á ba ẹfun òun jẹ́. Inú bí wọn. Inú bí Málọmọ́ ju gbogbo wọn lọ, ọwọ́ tirẹ̀ ló ti ń wẹ òòṣà kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún ń jí nínú rẹ̀ lábẹ́ ìbínú náà. Funfun ni ti òòṣà. Aṣọ funfun, ẹfun funfun, omi tí kò ní àbàwọ́n. Bí abúlé kan bá funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé Òòṣàálá lè kọjá kó má yà? Ṣé kò ní bi í pé kí ni wọ́n ń fẹ́? Òun á sì wà níbẹ̀, òun á ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́.

“Màá kùn ún,” ló wí fún baálẹ̀. “Gbogbo rẹ̀ ni màá kùn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ kàn án.”

Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tó ti kun ẹsẹ̀ ti ọjọ́ náà tán, wọ́n da ẹfun òyìnbó sínú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń re aró, wọ́n sì bu omi lé e. Omi náà sín. Ó tú èéfín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó kuku bí ẹni pé gbogbo igi ìdáná Masẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tútù ló jókòó lé. Àwọn ọmọdé fọ́n ká. Baálẹ̀ Oyèlẹ́yẹ, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí àfi gáàdì, dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò.

“Ìyáálé,” ni Ẹ̀bùnọlá wí, “ẹ ti rí ẹfun tó ń hó rí?”

“N kò rí i rí.”

“Ẹfun kì í gbóná.”

“Tiwa ni kì í gbóná. Àwọn tó ni èyí, àwọn náà kì í tutù.”

“Ògbufọ̀ ní ká fi igi rò ó.”

“A kì í fi igi ro ẹfun, ìyàwó. O mọ̀.”

“Mo mọ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi igi rò ó, ká bẹ òòṣà lẹ́yìn náà. Ó ti ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa.”

“Ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀,” ni Málọmọ́ wí. “Ṣé òní ni kí n wá fi igi lù ú?”

Ẹ̀bùnọlá ju igi tó ti mú dání sílẹ̀.

Wọ́n dúró títí ìkòkò fi dákẹ́, tó sì tutù. Málọmọ́ kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ó fi díẹ̀ kan iwájú orí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹfun náà ń yọ̀ bí ọṣẹ tó pò mọ́ omi ilá. Kò ta á, kò jó o. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ẹ̀bùnọlá, ó sì dìde.

Ògiri lẹ́yìn ògiri ló fi àtẹ́lẹwọ́ kùn. Àwọn obìnrin ń pọnmi, wọ́n ń gbé igbá tẹ̀ lé e. Bí ẹfun bá gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, á tún rì í bọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ abúlé náà funfun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn lékelèké bà sórí òrùlé, tí wọ́n ń wá ìbátan wọn. Ògiri òòṣà ló fi ṣe ìparí. Ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ jù ló kọ́kọ́ bò, ó ń bọ̀ wá síwájú, ọ̀kan wọlẹ̀, òmíràn wọlẹ̀, títí ó fi kan èyí tó kùn láàárọ̀, tí osùn rẹ̀ ṣì ń dán. Ó dúró lórí èyí. Ó fi ọwọ́ lé e bí ẹni ń fi ọwọ́ di ojú òkú, ó sì bò ó.

“Ògiri tuntun ni wọ́n fún wa,” ló wí. “Lọ́la, tiẹ̀ nìkan ló máa wà lára rẹ̀.”

Wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Málọmọ́ ki òkèlè bọ ọbẹ̀, ó sì sáré fa ọwọ́ yọ.

“Ìyàwó, ata ọbẹ̀ yìí pọ̀.”

“Ìyáálé, n kò fi ata sí i.”

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀bùnọlá mú ọwọ́ náà, ó gbé e súnmọ́ iná. Àtẹ́lẹwọ́ ti pọ́n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, awọ orí ìka ti wú, ó ń ṣí. Àmì kan tó tó ẹyọ owó pọ́n bákan náà níwájú orí, níbi tó ti bọ̀wọ̀ fún òòṣà. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, Málọmọ́ ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀bùnọlá fi omi ọ̀dúndún ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó fi òrí pa á, ó fi ewé dì í, ó ń bú Fákẹ́yẹ láti orí fìlà dé ìran ìyá rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ewé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá Kòmáńdà kọjá. Gáàdì ṣáájú, gáàdì ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ọkùnrin tó làágùn bí ẹni wọ odò gbé e láàárín nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi gbọọrọ. Fákẹ́yẹ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun imú rẹ̀ ń mì. Gbogbo abúlé tò sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀gá ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eṣinṣin kan ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń yẹ yàrá wò kó tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọjá, láìjí, láti ògiri àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Eruku tí àwọn tó gbé e tú sókè bà lé ògiri, nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ìdajì abúlé ti pọ́n padà.

Málọmọ́ kò rí i. Orí ẹní ló wà. Láti àfẹ̀mọ́jú ló ti ń gbìyànjú láti dìde, tí ibà ń dá a padà. Ó ní kí wọ́n gbé ìyẹ́ adìẹ fún òun; nígbà tí wọ́n gbé e wá, ìka rẹ̀ kò lè ká mọ́ ọn. Ìyẹ́ náà já bọ́. Ó tún ní kí wọ́n mú un wá, ó tún já bọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín kùn ún,” ni Ẹ̀bùnọlá wí.

“Ìwọ ní ẹnu tìrẹ. Òun kò mọ ohùn rẹ lára ògiri. Ohùn mi ló mọ̀.”

Oòrùn yọ, oòrùn rọ̀, oòrùn wọ̀. Ògiri funfun wà bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Málọmọ́ kọjú sí i láti orí ẹní rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò jẹ, kò mu. Bí funfun ṣe jẹ́ gan-an nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un: ó tún jẹ́ àwọ̀ ibi tí nǹkan kò sí.

Ní ìdájí ọ̀túnla, Ẹ̀bùnọlá gbọ́ pé nǹkan ń fà lọ nílẹ̀ níta. Ó jáde, ó bá ìyáálé rẹ̀ níwájú ògiri, ọwọ́ méjèèjì nínú ewé, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò osùn lọ síwájú. Ó ti ki ẹsẹ̀ òsì bọ inú rẹ̀. Osùn ń kán ní gìgísẹ̀ rẹ̀.

“Wá gbé mi dúró,” ni Málọmọ́ wí.

Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè sí ẹ̀gbẹ́ bí ajá tó fẹ́ tọ̀, obìnrin tí egungun rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ẹ̀bùnọlá gbá a mú ní ìbàdí.

“Ìyáálé, bí ẹnikẹ́ni bá kọjá báyìí, màá ní n kò mọ̀ yín rí.”

“Dì mí mú, kí o dákẹ́.”

Ó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́ ògiri. Nígbà tó gbé e kúrò, ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, pupa lórí funfun, tó hàn ju gbogbo àwọn tó ti kùn rí lọ. Àwọn méjèèjì wò ó. Ìka márùn-ún ló ní.

Málọmọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, ó tóbi jù. Ẹ̀bùnọlá ki àtàǹpàkò ara rẹ̀ bọ osùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kékeré, níbi tó ti máa ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Òòṣà á gbọ́ ohùn méjì,” ló wí. “Kó fara dà á. Ó fara da orin yín.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ọwọ́ Málọmọ́ jinná, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ká mọ́ra bí ewé gbígbẹ, kò di ìyẹ́ adìẹ mú mọ́. Fákẹ́yẹ kọjá lọ́jọ́ kan, ó rí ẹsẹ̀ pupa lára ògiri tó ní kó funfun, ó la ẹnu. Málọmọ́ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i. Fákẹ́yẹ wò wọ́n, ó pa ẹnu dé, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, bó bá dé Masẹ, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà.

Ogun parí. Àwọn tí yóò bọ̀ bọ̀. Ṣàngódélé, ọmọ Pulu, wà lára wọn. Ọwọ́ kan ló bá a wálé. Wọ́n ní òun àti Abọ́dúndé jọ rìn dé òkè òkun. Málọmọ́ kò dúró kó wá, ó gba oko àgbàdo kọjá lọ bá a.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá,” ni Ṣàngódélé wí. Kò wo ojú rẹ̀.

“Ó ti kú?”

“Ó ti kú, Ìyá.”

Ó jókòó sílẹ̀ lórí ebè.

“Ọjọ́ wo ni?”

“Ìyá, níbi tí a wà, ọjọ́ kì í ní orúkọ.”

“Àkókò wo? Ṣé ìgbà tí Ọ̀gá Kòmáńdà fi kọjá ní ọ̀dọ̀ wa ni?”

“N kò mọ ìgbà tí ó kọjá lọ́dọ̀ yín.”

“Ọjọ́ tí ó kú yẹn. Ṣé ó dà bí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí yín?”

Ṣàngódélé fi ọwọ́ kan tó ní nu ojú. “Ìyá,” ló wí, “gbogbo ọjọ́ ló dà bẹ́ẹ̀.”

Ó padà sílé. Kò sunkún lójú ọ̀nà. Ẹ̀bùnọlá ló sunkún títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, tí ahọ́n tó ń bó iṣu kò fi rí nǹkan bó fún ọjọ́ púpọ̀. Ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ògiri ti tán. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, ó tún gbọ́ ìkòkò osùn tó ń fà lọ nílẹ̀.

“Ìyáálé,” ló wí láti ẹnu ọ̀nà, jẹ́jẹ́, “ta là ń kùn ún fún?”

“Ṣé ẹni tó kú kì í wálé ni? Ọ̀nà òkun jìn. Kò mọ̀ ọ́n.” Ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè. “Ọjọ́ kan sì wà tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Wá gbé mi dúró.”

Wọ́n ń ṣe é lọ. Òjò fọ ẹfun òyìnbó kúrò lára ògiri gbogbo abúlé, erùpẹ̀ yọ padà. Wọ́n ń ṣe é. Oyèlẹ́yẹ kú, ọmọ rẹ̀ tí òtútù mú lọ́jọ́sí di baálẹ̀. Wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá wo ògiri náà dáadáa á rí bí ọdún ṣe ń lọ. Àwọn ẹsẹ̀ ìṣáájú ga tó ìbàdí èèyàn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò ga tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹlẹ̀ dé orókún, wọ́n rẹlẹ̀ dé kókósẹ̀, títí wọ́n fi kúrò lára ògiri pátápátá tí wọ́n bọ́ sí ilẹ̀, nítorí pé Málọmọ́ kò lè gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ló wá ń tẹ̀, ó ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó tẹ̀ gbẹ̀yìn wà ní ẹnu àbáwọlé gan-an, ó kọjú sínú ilé. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó fara ti Ẹ̀bùnọlá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì wúwo ju bó ṣe máa ń wúwo lọ. Ẹ̀bùnọlá pè é lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wá ìkòkò osùn kàn, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìka kẹfà sí i kó tó ké pe àwọn ará ilé.